Ọmọ ogun ara tó ṣi ọmọ ilé mú: ìdáhùn lórí àìsàn NMO

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn nípa àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún 31, tó ń ṣiṣẹ́ aṣọ rírán. Òsúkè ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 11 ni kò fi dá, gbogbo oúnjẹ tó bá jẹ ló ń bì. Oògùn ọgbẹ́ inú ni wọ́n ń fún un títí òsúkè náà fi lọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ojú ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún nígbàkígbà tó bá yí i, àwọ̀ pupa ṣá lójú rẹ̀, kò sì lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń wá oògùn ojú kiri ni ẹsẹ̀ méjèèjì ti kọṣẹ́, tí ìtọ̀ sì há. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ti wá sọ fún wọn pé neuromyelitis optica ni, èyí tí à ń pè ní NMO, pé àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ló ń bá a jà. Ó ní:

“Dókítà, èwo gan-an ló ń jà nínú àwọn ọmọ ogun ara, kí ló sì ṣì wọ́n lọ́nà? Ará ilé ní àsasí ni. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London ní ọ̀rẹ́ òun kan ní oògùn MS, àìsàn kan tó jọ èyí, tó ṣẹ́kù, òun lè fi ránṣẹ́. Oògùn tí wọ́n fún un níbí, wọ́n ní ṣe ló ń tẹ àjẹsára mọ́lẹ̀. Ṣé kì í ṣe èyí tó ń gbé àjẹsára ró ló yẹ ká máa fún un? Ẹnì kan ti ń tà á fún wa ládùúgbò.”

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú àìsùn. Apá tó kẹ́yìn ìbéèrè yín ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè ṣe aláìsàn léṣe lónìí, kí ẹ tó ka ìyókù tán. Ẹ má ṣe ra oògùn tó ń gbé àjẹsára ró fún un. Àjẹsára àbúrò yín kò rẹlẹ̀ rárá. Ó lágbára, ó ń ṣiṣẹ́ kára. Àṣìmọ̀ ló bá a. Bí ọdẹ àdúgbò bá ń lu ọmọ onílé lóru torí pé ó pè é ní olè, a kì í kó kùmọ̀ kejì lé e lọ́wọ́. A máa gba èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ná ni. Iṣẹ́ tí oògùn tí wọ́n fún yín ń ṣe nìyẹn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ ogun yìí dàgbà. Inú mùdùnmúdùn eegun ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ti ń wáyé. Ọ̀wọ́ méjì nínú wọn ló kan ọ̀rọ̀ wa jù. Àkọ́kọ́ ni sẹ́ẹ̀lì T. Àwọn wọ̀nyí máa ń kúrò nínú eegun lọ sí ẹ̀yà ara kékeré kan lẹ́yìn eegun àyà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ thymus. Ibẹ̀ ni T tó wà lórúkọ wọn ti wá. Nínú thymus, wọ́n á máa fi ègé àwọn èròjà ara ẹni hàn wọ́n. Èyí tó bá gbá a mú gírígírí bí ẹni tó rí ọ̀tá, pípa ni wọ́n máa pa á síbẹ̀. Díẹ̀ péré nínú àwọn tó wọlé ló ń jáde. Síbẹ̀, àwọn kan máa ń yọ́ kọjá. Nínú ara tèmi tí mò ń kọ̀wé yìí, àti nínú ara yín tí ẹ ń kà á, sẹ́ẹ̀lì T díẹ̀ wà tó lè dojú ìjà kọ ọpọlọ wa bó bá ráyè.

Kí ni kì í jẹ́ kó ráyè? Sẹ́ẹ̀lì T mìíràn ni, àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa pẹ̀tù sí àwọn tó kù nínú, kí wọ́n sì dá ọwọ́ wọn dúró. Shimon Sakaguchi ní Japan ló fi wọ́n han ayé ní 1995. Ní 2001, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell ní Amẹ́ríkà rí jíìnì kan tí wọ́n sọ ní Foxp3. Àbùkù ara jíìnì yìí ló ń mú kí ara irú eku kan máa bá ara rẹ̀ jà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá hàn pé òun gan-an ló ń sọ sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí di olùpẹ̀tù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ ìṣègùn ní 2025. Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí fún yín ni pé ó yí bí a ṣe ń ronú nípa àìsàn yìí padà. Kì í ṣe dandan kí ọ̀tá kankan ti ìta wọlé. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Ẹni tó lè dàlú rú wà nínú ìlú tẹ́lẹ̀. Apá olùpẹ̀tù ni kò ká a mọ́.

Ọ̀wọ́ kejì ni sẹ́ẹ̀lì B. Àwọn kì í fi ọwọ́ ara wọn jà. Áńtíbọ́dì ni wọ́n ń ṣe, èròjà tín-ín-tín tó ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó tí wọ́n ṣe é fún, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ àgádágodo tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì B tó bá fẹ́ ṣe áńtíbọ́dì tó múná gbọ́dọ̀ rí sẹ́ẹ̀lì T tó máa kín in lẹ́yìn. Bí àwọn méjèèjì bá wá fẹnu kò lórí àṣìṣe kan náà, sẹ́ẹ̀lì B á gbó, á sì di ẹni tó ń tú áńtíbọ́dì dà sínú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán tòru. Òmíràn nínú wọn lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí áńtíbọ́dì àbúrò yín ń lẹ̀ mọ́ ni ẹnu ọ̀nà omi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bó ṣe rí nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì ara wa ní àwọn ilẹ̀kùn tín-ín-tín tí omi ń gbà wọlé, tó ń gbà jáde. Aquaporin ni wọ́n ń pè wọ́n, Peter Agre tó wá wọn rí sì gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ kẹ́mísítìrì lórí wọn ní 2003. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọpọlọ ni aquaporin-4. Ara sẹ́ẹ̀lì kan tó rí bí ìràwọ̀ ló wà, ìyẹn astrocyte. Astrocyte ló ń ṣe alágbàtọ́ fún iṣan ọpọlọ: ó ń bọ́ ọ, ó ń gbá àyíká rẹ̀ mọ́, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ yí iṣan ẹ̀jẹ̀ ká bí ìgbà téèyàn fi ọwọ́ méjèèjì gbá ife tíì mú nígbà ọyẹ́. Orí ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni aquaporin-4 kún sí.

Ẹ wá wo ibi tó pọ̀ sí jù: iṣan tó ti ẹ̀yìn ojú lọ sínú ọpọlọ, okùn tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, àti ibì kan bíńtín nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń darí èébì. Ibi èébì yìí tún ní nǹkan kan tó mú un yàtọ̀. Gbogbo ọpọlọ ló ní odi láàárín òun àti ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n odi tibẹ̀ ṣí sílẹ̀, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá májèlé wà nínú rẹ̀, kó lè mú wa bì í. Áńtíbọ́dì kì í tètè rí odi ọpọlọ kọjá, àmọ́ níbẹ̀ yẹn, ilẹ̀kùn ti ṣí fún un. Òsúkè ọjọ́ 11 yẹn nìyẹn. Kì í ṣe ọgbẹ́ inú. Ìkọlù àkọ́kọ́ nínú ọpọlọ ni, ojú àti ọ̀pá ẹ̀yìn sì tẹ̀ lé e. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí pé lára àwọn tí mo ti tọ́jú, a ti rí àwọn tó gbé òsúkè bẹ́ẹ̀ dé iwájú dókítà mẹ́ta, mẹ́rin, tó jẹ́ oògùn inú nìkan ni wọ́n ń gbà bọ̀. Òsúkè tàbí èébì tí kò nídìí, tó kọjá wákàtí 48, ó yẹ kí ẹnì kan wo ọpọlọ.

Bí ìjà náà ṣe ń lọ nìyí. Áńtíbọ́dì á gúnlẹ̀ sórí ẹnu ọ̀nà omi. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì pa ẹnikẹ́ni. Àmì ló fi lélẹ̀, bí ẹni fi ẹfun sàmì sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Àwọn èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní complement, tí wọ́n kàn ń ṣàn kiri láìṣe nǹkan kan títí wọ́n á fi rí irú àmì bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí i, ọ̀kan á jí èkejì, èkejì á jí ẹ̀kẹta, títí wọ́n á fi dá ihò lu ara astrocyte, tí omi á ya wọlé, tí yóò sì bẹ́. Òórùn ìjà yẹn ló ń pe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó kù: neutrophil ló máa ń ṣáájú, eosinophil á tẹ̀ lé e, wọ́n á tú oró tí wọ́n ń pa kòkòrò àrùn dànù sórí ẹran ara aláìṣẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbá pàǹtírí á wá máa jẹ ohun tó fọ́. Sẹ́ẹ̀lì T kò jókòó lásán: òun ló kín sẹ́ẹ̀lì B lẹ́yìn, òun náà ló ń bá wọn já odi ọpọlọ. Wọ́n sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síra wọn. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà ń jẹ́ interleukin-6, òun ló ń mú kí àwọn tó ń ṣe áńtíbọ́dì pẹ́ láyé.

Nígbà tí astrocyte bá kú, iṣan tó ń tọ́ náà á jìyà. Myelin, ìyẹn ọ̀rá tó wé mọ́ iṣan bí ewé ṣe ń wé ẹ̀kọ, á bó. Iṣẹ́ tí ọpọlọ rán sí ẹsẹ̀ kò ní dé mọ́. Ìkọlù náà á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á tún díẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kì í sábà tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jùlọ nínú gbogbo lẹ́tà yìí: nínú NMO, ìkọlù ló ń sọni di aláàbọ̀ ara, ìkọlù kọ̀ọ̀kan sì ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ lórí ti àná. Dídènà èyí tó ń bọ̀ ni ìtọ́jú.

Mi ò ní bá ará ilé yín jà lórí ọ̀rọ̀ àsasí. Ẹni tó bá rí i tí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ibi gbogbo ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tó jẹ́ ibi tí ẹnu ọ̀nà omi pọ̀ sí nìkan ni ọwọ́ ọ̀tá náà ń bà. Ẹ tún kíyè sí nǹkan kan: torí pé ìkọlù máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe ètùtù lọ́sẹ̀ tó rọlẹ̀ ni yóò gbayì. Wọ́n á ní ó ti sàn, wọ́n á jáwọ́ nínú oògùn, ìkejì á sì bá wọn lábẹ́ igi. Kí wọ́n máa gbàdúrà. Kó ṣáà máa lo oògùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ London wá kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kó má fi oògùn náà ránṣẹ́. MS, ìyẹn multiple sclerosis, jọ NMO lójú ẹni tí kò súnmọ́ ọn, torí òun náà ń ba ojú àti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́. Láti 1894 tí Eugène Devic àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Fernand Gault ti ṣàpèjúwe NMO ní ìlú Lyon, ọ̀pọ̀ ló gbà pé irú MS kan ni. Ọdún 2004 ni Vanda Lennon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic, Amẹ́ríkà, kéde áńtíbọ́dì tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ní 2005 wọ́n fi hàn pé aquaporin-4 ló ń lẹ̀ mọ́. Nínú MS, kò sí áńtíbọ́dì yẹn. Myelin fúnra rẹ̀ ni ìjà dojú kọ, sẹ́ẹ̀lì T àti sẹ́ẹ̀lì B ló jọ ń jà á, fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr tí ọ̀pọ̀ jù lọ wa ti kó láti kékeré sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ìwádìí kan lórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó lé ní mílíọ̀nù 10, tó jáde ní 2022, fi hàn pé ewu MS ń di ìlọ́po 32 lẹ́yìn tí èèyàn bá kó fáírọ́ọ̀sì náà. Ọmọ ogun ara tó ń jà yàtọ̀, oògùn yàtọ̀. Interferon beta, fingolimod àti natalizumab, tó ń ran àwọn tó ní MS lọ́wọ́, lè mú NMO le sí i.

Nílẹ̀ tiwa, NMO ló yẹ kí dókítà kọ́kọ́ rò. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, ó tó ẹnì kan nínú 100,000. Láàárín àwọn ọmọ adúláwọ̀, bíi ti erékùṣù Martinique, ó lè tó 10. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ní Yunifásítì Ìbàdàn, nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó jáde ní 1971, ti rí i pé NMO pọ̀ jìnnà ju MS lọ láàárín àwọn aláìsàn rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà ló ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ lórí àìsàn mìíràn tó ń ba ojú àti ìrìn jẹ́, èyí tó so mọ́ oró inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ìyẹn máa ń yọ́ wọlé fún oṣù àti ọdún, ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní ìkọlù òjijì. Mo dárúkọ rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé ojú àti ẹsẹ̀ tó bá bàjẹ́ pọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àjẹsára nígbà gbogbo. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ eegun ẹ̀yìn, HIV, àìtó fítámì B12, gbogbo wọn ni a ní láti wò kúrò lọ́nà. Bí wọn kò bá tíì ṣe àyẹ̀wò áńtíbọ́dì aquaporin-4 fún un, ẹ bi dókítà yín. Ẹ̀jẹ̀ lásán ni wọ́n máa gbà, yàrá àyẹ̀wò míì sì lè fi í ránṣẹ́ sókè òkun.

Ẹ bi mí pé kí ló ṣì wọ́n lọ́nà. Àìsàn kan tó súnmọ́ eléyìí ló fi bó ṣe lè ṣẹlẹ̀ hàn kedere jù, ìyẹn Guillain-Barré. Bí èèyàn bá jẹ adìyẹ tí kò jinná, kòkòrò Campylobacter lè fún un ní ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ̀wù òde kòkòrò yìí jọ ọ̀rá kan tó wà lára iṣan ẹsẹ̀ wa. Áńtíbọ́dì tí ara ṣe láti fi pa kòkòrò á bá iṣan lọ́nà, ẹsẹ̀ á sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ìyẹn sábà máa ń wá lẹ́ẹ̀kan, kó lọ. NMO kì í lọ bẹ́ẹ̀, a kò sì lè nawọ́ sí kòkòrò kan pé òun ló fà á. Ohun tó dájú ni pé àwọn obìnrin ló ń mú jù, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó ní áńtíbọ́dì náà, pé kì í ràn, àti pé kì í sábà rìn nínú ẹbí. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kò nílò ìbẹ̀rù.

Bí ẹ bá ti mọ àwọn tó ń jà, oògùn kọ̀ọ̀kan á yé yín. Nígbà ìkọlù, methylprednisolone ni wọ́n ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, gíráàmù kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 3 sí 5, láti pàṣẹ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Bí kò bá gbọ́, wọ́n á sẹ́ áńtíbọ́dì kúrò nínú omi ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Èyí ń ṣiṣẹ́ jù bó bá yá, kò dáa kí wọ́n fi falẹ̀. Láti dènà èyí tó ń bọ̀, azathioprine ń dín bí sẹ́ẹ̀lì T àti B ṣe ń bí sí i kù. Òun ni owó rẹ̀ ṣeé ká jù. Ó máa ń tó oṣù mélòó kan kó tó gbéra, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi prednisolone sí i. Ẹ má ṣe dá prednisolone dúró lójijì. Rituximab ń mú sẹ́ẹ̀lì B kúrò nílẹ̀. Inebilizumab ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ó tilẹ̀ ń mú díẹ̀ nínú àwọn tó ti gbó. Satralizumab ń dí etí wọn sí interleukin-6. Eculizumab ń já ẹ̀wọ̀n complement kó tó dá ihò lu astrocyte. Àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn yìí ti rí ìfọwọ́sí ní Amẹ́ríkà láàárín 2019 sí 2020, owó wọn sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ ẹbí. Ó ń ká mi lára. Ṣùgbọ́n azathioprine tí wọ́n ń lò déédéé sàn ju rituximab tí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan tí wọn kò sì rówó ìkejì.

Kí wọ́n tó fún un ní rituximab, kí wọ́n yẹ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, ìyẹn hepatitis B, wò. Àrùn yẹn pọ̀ láàárín wa, ó sì lè jí bí sẹ́ẹ̀lì B bá lọ. Bó bá ń lo azathioprine, kí wọ́n máa ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n máa wo ẹ̀dọ̀. Àgbo lè da kún iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ẹ̀fọ́, ewúro nínú ọbẹ̀, kò sí wàhálà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fi kòkòrò ààyè ṣe, bíi ti ibà pọ́njú, kò gbọdọ̀ gbà á. Bó bá fẹ́ rìnrìn àjò, kí dókítà kọ lẹ́tà fún un. Bó bá sì fẹ́ bímọ, kó sọ ṣáájú, torí oògùn mìíràn bíi mycophenolate ń ba oyún jẹ́, ìkọlù sì máa ń pọ̀ lẹ́yìn ìbímọ.

Nígbà oòrùn gangan tàbí tí ibà bá ń ṣe é, ojú tó ti dùn ún tẹ́lẹ̀ lè ṣú díẹ̀, kó tún là padà bí ara bá tutù. Ìyẹn kì í ṣe ìkọlù tuntun. Ìkọlù tuntun ni kó má là padà lẹ́yìn wákàtí 24, tàbí kí nǹkan bí ọ̀já fún àyà rẹ̀ pinpin, tàbí kí ìtọ̀ há, tàbí kí òsúkè yẹn padà. Kó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un nílé ìwòsàn. Ẹ ní kó fi róòlù òwú pupa kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ní àràárọ̀, kó fi ọwọ́ bo ojú òsì kó wo òwú náà, kó bo ọ̀tún kó tún un wò. Nísinsìnyí, pupa ti ọ̀tún á ti ṣá díẹ̀ ju ti òsì lọ, ibi tí ìkọlù tó kọjá fi í sí nìyẹn. Ọjọ́ tó bá rí i pé ó tún ṣá ju bó ṣe wà lánàá lọ, tàbí pé ti òsì náà ti ń ṣá, kó pa ẹ̀rọ náà, kó wọ ọkọ̀ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.